Ìyá Oníbẹ́ẹ̀dì àti Nẹ́ẹ̀tì Aláró

Bí ẹ bá dé Ìwàrà tí ẹ béèrè Ọláfúnkẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kàn máa wojú yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè Ìyá Oníbẹ́ẹ̀dì, ọmọ tí kò tíì lè wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀ yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ta bẹ́ẹ̀dì o. Òun ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀dì tí a ń tẹ́ òkú sí lọ́ṣọ̀ọ́. Bí àgbàlagbà bá kú ní Ìwàrà, tàbí ní Iléṣà, tàbí ní àwọn abúlé oníkòkó tó wà lẹ́yìn wa, Ọláfúnkẹ́ ni wọn yóò ránṣẹ́ sí kí wọ́n tó gbé òkú dé láti mọ́ṣúárì. Yóò dé pẹ̀lú àpótí onírin rẹ̀, yóò so léèsì funfun mọ́ òpó bẹ́ẹ̀dì, yóò ta nẹ́ẹ̀tì funfun bò ó lókè, yóò fi pínnì gbá etí rẹ̀ jọ, títí tí ẹni tó sùn lórí ẹní ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò fi dùbúlẹ̀ bí ọba.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ilé wa kọjú síra. Obì ni mò ń tà. Mo ti bá a gbé àpótí yẹn láìmọye ìgbà, ìwúwo rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nítorí pé àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, inú sì ń bí mi.

Obìnrin gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ọláfúnkẹ́, kì í tètè rẹ́rìn-ín. Kì í jẹun nílé òkú. Bí ó bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, yóò gba owó rẹ̀, yóò kí olóòkú, yóò sì lọ sílé lọ ro ẹ̀bà ara rẹ̀. Ohun kan sì wà tí kò ṣe rí: kò ṣe bẹ́ẹ̀dì ọmọdé. Kò sí ẹni tó ń tẹ́ òkú ọmọdé nílẹ̀ wa. Ọmọ tó bá kú, kíákíá ni a ń sin ín, láìsí bẹ́ẹ̀dì, láìsí orin, kí àwọn òbí rẹ̀ má baà pẹ́ ní wíwo ojú rẹ̀. Àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikú ló ń bọ́ ọ, wọn kì í rántí pé ikú ọmọdé kò fún un ní kọ́bọ̀ rí.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un, Ṣèyífúnmi, tó ń jó irin pọ̀ ní Alekuwodo ní Òṣogbo. Ìyàwó Ṣèyífúnmi kú sórí ìkúnlẹ̀, ọmọ tó bí náà ni Tiwalolúwa, ọwọ́ Ọláfúnkẹ́ ló sì ti dàgbà láti ìkókó. Ẹ kò lè rí Ọláfúnkẹ́ kí ẹ má rí Tiwalolúwa. Ọmọ náà lẹ́nu bí ẹyẹ ẹ̀gà, yóò sọ̀rọ̀ títí oorun yóò fi gbé e. Bó bá sì ti sùn, ibi tó bá wù ú ló ń na ẹsẹ̀ sí. Ìyá àgbà rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá bá a sùn, ilẹ̀ ni òun ń jí bá ara òun.

Ní àkókò òjò ọdún kan, ibà mú àwọn ọmọ àdúgbò wa lọ, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Wọ́n ti pín nẹ́ẹ̀tì ìjọba fún àwọn ibòmíràn, ṣùgbọ́n ó tán kó tó kàn wá. Wọ́n ní ká ṣe sùúrù. A ṣe sùúrù, a sì ń gbẹ́ ilẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni Ọláfúnkẹ́ jókòó sórí àpótí ìjókòó mi, ó ń wo bí mo ṣe ń ṣa obì, ó ní òun fẹ́ ká dáwó jọ láti ra nẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé tó ní ọmọdé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ni yóò dáwó fún Ìyá Oníbẹ́ẹ̀dì. Kò bínú. Ó ní òun kò lè máa wo Tiwalolúwa kí àyà òun máa já ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣú.

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a lọ sí mọ́ṣáláṣí, a lọ bá àwọn ọlọ́kadà, a lọ bá àwọn tó ń ra kòkó. Èmi ni mò ń pariwo, òun ló ń gbé agolo. Àwọn kan fún wa tayọ̀tayọ̀. Àwọn kan ní kí a padà wá, a padà lọ, wọ́n tún ní kí a padà wá. Bàbá Ọdúntán, tí oko kòkó rẹ̀ tóbi jù lọ ní àdúgbò wa, wo Ọláfúnkẹ́ láti òkè délẹ̀, ó ní bí ènìyàn kò bá kú mọ́, kí ni obìnrin yìí yóò máa jẹ. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ fún un lésì, Ọláfúnkẹ́ fà mí láṣọ. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá náà, ó tún na agolo sí i. Ojú ti bàbá, ó mú owó jáde.

A tún wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láti lọ bá Bọ́lárìnwá, ọmọ Ìwàrà tó ń ta páànù ní Alekuwodo. Ó fún wa lówó gidi, ṣùgbọ́n ó mú wa jókòó gbọ́ ìtàn bó ṣe di olówó, ó sì ní kí wọ́n dárúkọ òun nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ méjì tẹ̀léra. A gbà. Ọláfúnkẹ́ fi owó bẹ́ẹ̀dì olóyè ńlá kan tó ṣe ní Iléṣà kún un, owó tí ì bá fi pààrọ̀ páànù ilé rẹ̀ tó ń jò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo mọ̀, torí èmi ni mo rí ike tó gbé sábẹ́ ibi tó ń jò nígbà tí òjò dé.

Ọjọ́ tí nẹ́ẹ̀tì dé, Nọ́ọ̀sì Bushrah wá láti ilé ìwòsàn, ọ̀dọ́bìnrin kékeré tó fi ìbòrí wé orí, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ṣàlàyé pé oògùn wà lára òwú nẹ́ẹ̀tì náà, pé ẹ̀fọn tó bá bà lé e yóò kú. Ó ní kí a fẹ́ ẹ sí ibi òjìji kí a tó lò ó, kí a má sá a sóòrùn. Bí ó bá dọ̀tí, kí a fi omi tútù àti ọṣẹ jẹ́jẹ́ fọ̀ ọ́, kí a má fi omi gbígbóná kàn án rárá. Gbogbo wa dáhùn pé a ti gbọ́. A patẹ́wọ́ fún un, a pín nẹ́ẹ̀tì, kálukú gbé tirẹ̀ lọ sílé.

Nẹ́ẹ̀tì náà funfun. Àfi bí ẹni pé a fọ́jú títí di ọjọ́ tí wọ́n so wọ́n.

Torí Ọláfúnkẹ́ mọ bí a ṣe ń so nǹkan mọ́ òpó, òun ló ń lọ láti ilé dé ilé bá wọn so ó. Ẹ wá fojú inú wò ó. Obìnrin tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì òkú la mọ̀ ọ́n mọ́, òun ló ń ta nẹ́ẹ̀tì funfun bo bẹ́ẹ̀dì yín, òun ló ń gbá etí rẹ̀ jọ, ó sì ń fi ọwọ́ nà án kó má hunjọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe é fún bàbá yín lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìyàwó ilé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wọlé wá, ó rí ọmọ rẹ̀ nínú funfun yẹn, ó gbé e sáré bọ́ síta, ó ń sunkún. Nígbà tí a dé ilé Bàbá Ọdúntán, ó dìde láti orí àga rẹ̀, ó dí ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Ọláfúnkẹ́, ṣé o rí òkú ní ulé mi ni? Gbé bẹ́ẹ̀dì ukú rẹ lọ."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo nẹ́ẹ̀tì ti padà sínú ọ̀rá. Àwọn kan kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn kan dá a padà sí ilé Ọláfúnkẹ́ láìkí i. Mo bú gbogbo wọn pátá. Mo ní ẹ̀fọn kò mọ funfun yàtọ̀ sí dúdú. Ọláfúnkẹ́ kò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀rá náà, Tiwalolúwa ń fi wọ́n ṣe tìmùtìmù, ó sì sọ fún mi pé wọn kò jẹ̀bi, pé òun fúnra òun, bí òun bá wo ọmọ yìí lábẹ́ rẹ̀, ara òun máa ń bù máṣọ.

Ọjà Ọba ní Òṣogbo ló ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ó lọ ra léèsì, ó kọjá níwájú Alhaja Rùkáyà, ìyá aláró kan tó ń ṣe kàmpálà lẹ́yìn ọjà, ó rí aṣọ aláró tó ń fẹ́ lórí okùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé léèsì tó wá rà. Aró kì í ṣe àwọ̀ òkú. Kò sí ẹni tó rí òkú lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì aláró rí. Ó padà wálé, ó kó nẹ́ẹ̀tì jọ láti ilé dé ilé, èmi àti ẹ̀ sì dì wọ́n sínú àpò kòkó, a gbé wọn lọ sí Òṣogbo. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù sílé. Oko ni àwọn tó ni ín wà, ìgbà tí a ti lọ ni wọ́n tó gbé e wá, Ọláfúnkẹ́ sì sọ ọ́ sínú àpótí onírin rẹ̀ nígbà tí a padà dé.

Alhaja Rùkáyà fi àtàǹpàkò àti ìka yẹ òwú náà wò. Ó ní, "Wàlláhì, irú òwú yìí kì í mu aró. Àfi kí n sè é pẹ̀lú sódà kó hó dáadáa."

Ọláfúnkẹ́ gbà. Ó wá sọ fún un pé ohun kan ló wà, kó jọ̀wọ́ má sá a sóòrùn, torí nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wọn. Alhaja ní kò sí wàhálà. Obìnrin náà sì mú ìlérí ṣẹ. Ó sè é nínú ìkòkò ńlá títí omi fi hó yeye, ó fi sódà sí i, sódà tí ń bó ènìyàn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ó wá fara balẹ̀ so gbogbo rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí oòrùn kò lè dé. Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná tí nọ́ọ̀sì sọ kò wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa. Fífọ̀ ni nọ́ọ̀sì bá wa sọ. Kò sí ẹni tó fọ nǹkan kan, aró la ń pa.

Ẹ ò rí bó ṣe dára tó. Aró tó rọra mú, bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Àwọn tó ti kọ̀ ọ́ ló ń ti ara wọn láti gbà á. Bàbá Ọdúntán ránṣẹ́ wá pé kí wọ́n fún òun ní méjì. Àdúgbò wa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ilé lẹ́yìn ilé, wọ́n sì ń kí Ọláfúnkẹ́ lójú ọ̀nà bí ẹni tó gba oyè. Ìgbà yẹn ni mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín láìsí ìdí. Tiwalolúwa pe nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ní ilé òun, ó sì máa ń kan ìlẹ̀kùn tí kò sí kí ó tó wọ ibẹ̀. Láàárọ̀, ìyá àgbà rẹ̀ á fi ẹ̀fọn hàn mí lára nẹ́ẹ̀tì, tó yó, tó wú, tó jókòó jẹ́jẹ́. Ó ní ẹ wò ó, wọn ò rí ọ̀nà wọlé. Kò sí èyí tó bi ara rẹ̀ nínú wa pé kí ni wọ́n jẹ yó.

Òjò ọ̀wàrà dé. Ara Tiwalolúwa gbóná. Ká ní ọdún tó ṣáájú ni, Ọláfúnkẹ́ ìbá ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ó tó fọ ojú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ibà wo ni yóò ṣe é? Ó ní òjò ló pa á, pé ó ti ń ṣeré nínú ọ̀gbàrà. Ó fi òrí pa á lára, ó fún un ní àgbo òtútù. Ara tutù, ara tún gbóná. Ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń wo ògiri. Mo ní ká gbé e lọ. Ó ní tí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò bá sàn. Mo tún sọ ọ́. Ó bi mí pé ṣé n kò gbà pé nẹ́ẹ̀tì náà ń ṣiṣẹ́ ni.

Ọjọ́ kejì ni Nọ́ọ̀sì Bushrah wá sí àdúgbò láti fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́. Ó ti ń yà á lẹ́nu pé àwọn ọmọ Ìwàrà ń wá sọ́dọ̀ òun pẹ̀lú ibà bí ẹni pé kò sí nẹ́ẹ̀tì. Ó yà wọ ilé Ọláfúnkẹ́ láti kí i. Ó rí nẹ́ẹ̀tì aláró lórí bẹ́ẹ̀dì, ó béèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Ọláfúnkẹ́ ṣàlàyé fún un, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní funfun náà ni, pé wọ́n sè é kó lè mu aró, pé wọn kò sá a sóòrùn rárá. Nọ́ọ̀sì náà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó di òwú náà mú, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Màmá, omi gbígbóná àti sódà ti bó oògùn rẹ̀ kúrò. Ẹ̀fọn ò kú lára rẹ̀ mọ́. Ibi tí ara ọmọ bá ti kan nẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà jẹ ẹ́."

Gbogbo wa wo Tiwalolúwa. Ó dùbúlẹ̀ bó ṣe máa ń dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ọwọ́ kan lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ kan ògiri nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, inú rẹ̀ funfun báláú. Ó dìde, ó ní ká wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.

A gbé e dé ọsibítù ní Iléṣà. Wọ́n sáré, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí i lára nígbà tó mí kanlẹ̀, kò sì mí mọ́. Ọláfúnkẹ́ kò ké. Ó tú ìró rẹ̀ kan, ó fi wé ọmọ náà, ó gbé e lé itan nínú ọkọ̀, ó sì ń dá aṣọ náà bò ó lẹ́sẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò. Èmi ni mo ké. Inú mi bà jẹ́ títí di òní, kò sì sí ẹni tí mo lè bínú sí. Ta ni kí n bínú sí? Aláró? Nọ́ọ̀sì? Àwọn tó bẹ̀rù funfun? Èmi fúnra mi ló gbé àpò náà lórí lọ sí Òṣogbo.

Nígbà tí a délé, àwọn àgbà ti gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n fẹ́ sin ín kíákíá, bó ṣe yẹ kí ó rí. Ọláfúnkẹ́ ní kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án títí Ṣèyífúnmi yóò fi dé láti Òṣogbo. Ó tẹ́ ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó já nẹ́ẹ̀tì aláró sílẹ̀, ó jù ú sí igun yàrá. Ó ṣí àpótí onírin, ó mú ẹyọ nẹ́ẹ̀tì funfun tó kù níbẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ó mọ́ òpó.

Bàbá Ọdúntán wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn àgbà. Ó rọra sọ pé, "Ọláfúnkẹ́, ọmọdé ni. A kì í tẹ́ ẹ."

Ọláfúnkẹ́ kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Mi ò tẹ́ ẹ, bàbá. Ìrọ̀lẹ́ ló ti lẹ́ yìí. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ ẹ́ mọ́ kí bàbá rẹ̀ tó dé ulé."

Òun nìkan ló máa ń so bẹ́ẹ̀dì àwọn àgbàlagbà ìlú yìí. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo bá a di etí nẹ́ẹ̀tì náà mú, a sì so ó pọ̀. Ó kó ẹsẹ̀ ọmọ náà jọ sí àárín, kí ara rẹ̀ má baà kan òwú.

Nígbà tí Ṣèyífúnmi wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo nẹ́ẹ̀tì funfun náà, ó wo ìyá rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ tó ń fi ọwọ́ lé ẹ̀fọn, ó sì jókòó tì í.